Bí olùkọ́ yunifásítì ṣe lè rí owó àpérò, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìwádìí: ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe àti èyí tí yóò tẹ̀ lé e

"Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti ń rí àwọn nǹkan wọ̀nyí?" Ìbéèrè tí àwọn àbúrò wa lẹ́nu iṣẹ́ ń bi mí ṣáá nìyí, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di Assistant Lecturer tàbí Lecturer II. Wọ́n rò pé ibì kan wà tí àwọn àgbà ń kó ìkéde pamọ́ sí. Kò sí ibẹ̀. Ìkéde tó wà lórí WhatsApp lásán ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè kà tán. Ohun tó ń já ọ̀pọ̀ kulẹ̀ ni pé ìgbà tí ìkéde bá jáde tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré wá transcript, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò kọ lẹ́tà fún wọn, tí olórí ẹ̀ka tó yẹ kó bu ọwọ́ lùwé sì ti rìnrìn àjò. Ìdí nìyí tí mo fi máa fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣáájú, kí n tó sọ ti owó.

Yunifásítì ìjọba ní Nàìjíríà ni mo ní lọ́kàn jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tó ń béèrè wà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì aládàáni, owó TETFund (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fi owó ran àwọn ilé ìwé gíga ìjọba lọ́wọ́) kì í dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ fo ibẹ̀, ẹ lọ sí ti òkè òkun. Ẹ̀yin ará Abomey-Calavi ní Benin àti Lomé ní Togo, àjọ CAMES tó wà ní Ouagadougou ló ń yẹ iṣẹ́ yín wò fún ìgbéga, nítorí náà ohun tí CAMES bá kà sí ni kí ẹ máa lépa, kí ẹ sì máa wo ìkéde AUF, àjọ àwọn yunifásítì tó ń lo èdè Faransé, déédéé.

Kí lẹ nílò báyìí?

Àǹfààní tó dára fún ọ̀rẹ́ yín lè jẹ́ ìfàsẹ́yìn fún yín.

- Ẹ kò tíì ní PhD. PhD ni kó gba ipò kìíní. Ẹni tó bá lọ sí àpérò mẹ́rin lọ́dún nígbà tí àpilẹ̀kọ rẹ̀ ṣì wà ní orí kejì ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣe eré ni. Ìrìn àjò tí yóò ti àpilẹ̀kọ yẹn síwájú nìkan ni kí ẹ máa wá.
- Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba PhD. Ẹ má sùn. Fún ipele postdoc (iṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn PhD), owó Humboldt ti Jámánì kì í gba ẹni tó ti lé ní ọdún 4 tó ti gba PhD. Owó ìwádìí Marie Skłodowska-Curie ti Yúróòpù fi ọdún 8 ṣe òpin tirẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ "sinmi díẹ̀ ná" lè jí rí i pé ilẹ̀kùn ti tì.
- Ẹ ti di Senior Lecturer tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sabbatical, owó ìwádìí ńlá tí ẹ ó ṣe aṣáájú rẹ̀, àti gbígba àlejò láti òkè òkun ló yẹ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn àpérò kéékèèké sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé.

Fódà tí kò gbọdọ̀ ṣófo

Ẹ ṣí fódà kan sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lórí Google Drive, torí NEPA àti olè kò mọ ọjọ́ gbèdéke. Ohun tí yóò wà nínú rẹ̀:

- Ojú ewé àkọ́kọ́ páspọ́ọ̀tù tí kò ní kú láàárín ọdún kan
- Ìwé ẹ̀rí gbogbo, láti BA tàbí BSc dé òkè, àti transcript wọn
- Lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́, lẹ́tà confirmation, àti lẹ́tà ìgbéga tó kẹ́yìn
- CV méjì: èyí tó gùn tí yunifásítì wa ń béèrè, àti olójú ewé méjì fún àwọn aláwọ̀ funfun tí kò ní àkókò
- Nọ́ńbà ORCID yín, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ olùwádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni
- Ojú ewé kan péré tó ṣàlàyé ìwádìí yín ní èdè tí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹ̀ka yín lè lóye
- Orúkọ àti ímeèlì èèyàn mẹ́ta tó ti gbà láti jẹ́rìí yín

Mẹ́ta nínú nǹkan wọ̀nyí ló ń fa wàhálà jù.

*Transcript.* Ẹ béèrè fún un lónìí, bí ẹ kò tilẹ̀ tíì mọ ibi tí ẹ máa lò ó sí. Yunifásítì mìíràn lè fi oṣù pípẹ́ dá yín dúró, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọdún àtijọ́ tí àbájáde ṣì wà nínú ìwé ńlá, tí kò sí lórí kọ̀ǹpútà.

*Orúkọ.* Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí èyí. Olùkọ́ kan lè ní orúkọ bàbá rẹ̀ lórí ìwé ẹ̀rí, orúkọ ọkọ rẹ̀ lórí páspọ́ọ̀tù, kó sì fi orúkọ méjèèjì papọ̀ tẹ àwọn iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Lójú ẹni tó wà ní Bonn tàbí London, èèyàn mẹ́ta nìyẹn. Àmì abẹ́ lẹ́tà tún ń dá kún un: jọ́nà kan á tẹ Ọ bó ṣe yẹ, òmíràn á sọ ọ́ di O, ẹ̀rọ kan á sì sọ ọ́ di àmì ìbéèrè láàárín orúkọ yín. Ẹ mú ọ̀nà ìkọ kan fún iṣẹ́ tí ẹ ń tẹ̀ jáde, kí ẹ má yí i padà mọ́. Nínú fọ́ọ̀mù owó àti físà, bó ṣe wà lórí páspọ́ọ̀tù gẹ́lẹ́ ni kí ẹ kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sórí ORCID, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Also known as" sí, kí ẹ sì to gbogbo orúkọ yòókù síbẹ̀. Ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ àti ti ìyípadà orúkọ nínú ìwé ìròyìn náà kò gbọdọ̀ jìnnà sí yín.

*Lẹ́tà ìjẹ́rìí.* Ẹ fún àwọn àgbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ fi CV, ìkéde náà, àti ohun márùn-ún tí ẹ fẹ́ kí wọ́n mẹ́nu bà ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n wa yóò ní, "Lọ kọ ọ́ wá, màá bu ọwọ́ lù ú." Ẹ má gbà. Lẹ́tà mẹ́ta tí ọwọ́ kan náà kọ máa ń jọra, àwọn tó ń kà á sì mọ̀. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ pé, "Ẹ ṣé sà, àwọn kókó rèé, ohùn yín ni wọ́n fẹ́ gbọ́." Ẹ tún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lo ímeèlì yunifásítì, Yahoo ọjọ́un kì í fi ọkàn ẹni tó ń gba lẹ́tà balẹ̀. Bó bá ku ọjọ́ márùn-ún, ẹ lọ kí wọn ní ọ́fíìsì. Ìkíni nìkan ti tó láti rán wọn létí.

Owó àpérò láti ọwọ́ TETFund, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

1. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá Desk Officer TETFund ilé ìwé yín, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ TETFund níbẹ̀. Ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Ẹ bi í: ǹjẹ́ owó àpérò ṣì wà nínú ìpín yìí? Ìgbà wo ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó? Ọdún mélòó ló gbọdọ̀ wà láàárín ìgbà tí èèyàn gbà á àti ìgbà tí yóò tún gbà á? Ṣé wọ́n ń dá owó padà fún ẹni tó bá kọ́kọ́ ná tirẹ̀? Ìdáhùn wọ̀nyí yàtọ̀ láti ilé ìwé kan sí òmíràn. Ọ̀rẹ́ yín ní ilé ìwé mìíràn kò lè dáhùn wọn fún yín.

2. Ẹ yan àpérò tó ṣì jìnnà. Oṣù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni mo máa ń dá lábàá. Èyí tó bá ku oṣù mẹ́ta, ẹ fi sílẹ̀, ìwé yín kò ní dé Àbújá kó sì padà kó tó wáyé.

3. Ẹ fi àṣamọ̀ (abstract) ránṣẹ́, kí ẹ sì gba lẹ́tà ìtẹ́wọ́gbà. Orúkọ yín, àkòrí iṣẹ́ yín, ọjọ́, ìlú àti ìbuwọ́lùwé gbọdọ̀ wà lórí rẹ̀. Ímeèlì tó kàn ní "Congratulations" kò tó. Ẹ kọ̀wé padà kí wọ́n fi èyí tó ní àkọlé ẹgbẹ́ wọn ránṣẹ́.

4. Ẹ ṣe ìṣúná. Owó ìforúkọsílẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì, ibùsùn, oúnjẹ, físà. Ẹ so ẹ̀rí iye owó mọ́ ọn: ojú ewé àpérò tó fi owó ìforúkọsílẹ̀ hàn, àti iye tíkẹ́ẹ̀tì láti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú.

5. Ẹ kún fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì tẹ̀ lé e. Yóò gba ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka, yóò gba ọ̀dọ̀ Dean, kó tó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí akọ̀wé ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan sì lu òǹtẹ̀ "received" pẹ̀lú ọjọ́ sórí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín. Fáìlì kì í fẹsẹ̀ rìn. Bó bá ti lo ọ̀sẹ̀ kan níbì kan, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà, abẹ́ fáìlì ẹlòmíràn ló wà.

6. Ẹ dúró de ìfọwọ́sí Àbújá. Ibí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń ṣubú jù. Pé gíwá yunifásítì ti fọwọ́ sí i kò tíì túmọ̀ sí pé TETFund ti fọwọ́ sí i. Ẹ má yá owó cooperative ra tíkẹ́ẹ̀tì nítorí pé ẹ rí ìbuwọ́lùwé gíwá.

7. Físà ní tirẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ ti Schengen, ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò. Ẹ gba ọjọ́ ìpàdé ní kété tí àyè bá ṣí, kí ẹ sì rí i pé owó oṣù yín hàn dáadáa nínú statement bánkì.

Bí owó kò bá dé lásìkò ńkọ́? Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe àpérò, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè sọ̀rọ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí bóyá wọ́n ní owó ìrìnnà fún àwọn tó ń bọ̀ láti Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé ní in, ẹni tó bá béèrè nìkan ni wọ́n ń fún. Àpérò tó dára ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, níbi tí ẹ ti máa bá olóòtú jọ́nà sọ̀rọ̀ lójúkojú, sàn ju èyí tí ẹ ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kà nínú gbọ̀ngán òfìfo ní Dubai.

Ọ̀rọ̀ kan lórí ẹ̀kọ́ MSc àti PhD tí TETFund ń san. Nígbà tí ọdún 2025 wọlé, wọ́n dá rírán olùkọ́ lọ kàwé lókè òkun dúró. Ẹ béèrè bó ṣe rí lọ́wọ́lọ́wọ́ kí ẹ tó máa san owó fọ́ọ̀mù kiri. Ẹ sì ka bond (ìwé àdéhùn) tí wọ́n máa fún yín kí ẹ tó bu ọwọ́ lù ú: ẹ ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ẹ ó padà wá sìn. Àwọn onídùúró yín wà nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá padà, ọ̀dọ̀ wọn ni ìbéèrè ń lọ.

Owó ìwádìí

Méjì ni TETFund tó kàn yín jù. IBR (Institution-Based Research) wà nínú ilé ìwé yín: ìgbìmọ̀ ìwádìí yunifásítì ló kọ́kọ́ ń yẹ àbá wò, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ọmọdé ti bẹ̀rẹ̀. NRF (National Research Fund) tóbi jù ú lọ: ìkéde á jáde, ẹgbẹ́ olùwádìí á fi concept note, ìyẹn àkótán àbá, ránṣẹ́, àwọn tó bá yege nìkan ni wọ́n ń ní kó kọ àbá kíkún. Ìpín mẹ́ta ló ní: sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìmọ̀ ọmọnìyàn àti àwùjọ, àti èyí tó da méjèèjì pọ̀.

Àṣìṣe méjì tí mo ń rí jù: kíkó orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ jọ tí gbogbo wọn wá láti ẹ̀ka kan náà, àti dída ọ̀rọ̀ kọ látinú àpilẹ̀kọ ẹlòmíràn. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò. Kódà àpilẹ̀kọ tiyín tí ẹ dà kọ lè mú kí ẹ̀rọ yẹn pariwo.

Òkè òkun: ta ló ń fúnni, ta sì ni wọ́n ń fún?

- Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Commonwealth split-site: fún ẹni tó ń ṣe PhD nílé, tó fẹ́ lo oṣù 12 ní yunifásítì kan ní Gẹ̀ẹ́sì. Olùdarí iṣẹ́ nílé àti lọ́hùn-ún gbọdọ̀ fọwọ́ sí i.
- CARTA, àjọṣepọ̀ àwọn yunifásítì Áfíríkà: fún òṣìṣẹ́ yunifásítì ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe PhD lórí ìlera àwùjọ àti ọ̀rọ̀ iye ènìyàn. Ní Nàìjíríà, Yunifásítì Ìbàdàn àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló wà níbẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní JAS (Joint Advanced Seminars) ni ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀.
- Fulbright ti Amẹ́ríkà: ti olùwádìí wà fún olùkọ́ tó ti ní PhD. Ti FLTA wà fún ọ̀dọ́ olùkọ́ tó lè kọ́ ọmọ Amẹ́ríkà ní Yorùbá, Haúsá tàbí Igbo fún ọdún ẹ̀kọ́ kan. Ẹ̀yin ẹ̀ka Yorùbá, kí ló dé tí ẹ kì í béèrè fún un tó bó ṣe yẹ?
- Humboldt àti DAAD: àjọ méjì ní Jámánì tó ń fún olùwádìí lówó. Ti Humboldt, ẹ gbọdọ̀ kọ́kọ́ rí ẹni tí yóò gbà yín lálejò.
- Erasmus+ ti Yúróòpù: fún kíkọ́ni tàbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láti ọjọ́ 5 dé oṣù 2. Àdéhùn gbọdọ̀ ti wà láàárín ilé ìwé yín àti tiwọn. Ẹ lọ bi ọ́fíìsì àjọṣepọ̀ òkè òkun léèrè. Àdéhùn kan lè wà nínú káńbọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni kò lò rí.

Ẹ lọ ka òfin wọn lórí ojú ewé tiwọn gan-an. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lè jẹ́ ti èṣí.

Ímeèlì sí ẹni tí yóò gbà yín lálejò

Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ìkọlẹ́tà yìí ló ń pinnu jù. Ọ̀pọ̀ ímeèlì wa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Mo kí yín lórúkọ Olúwa," ó ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú "èmi ni olùkọ́ láti Nàìjíríà tó ń wá àǹfààní," ó sì ń parí pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Nílé, ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Lọ́hùn-ún, ẹni tó rí ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ kò ní ṣí tiyín.

Ẹ tò ó báyìí:

1. Àkòrí ímeèlì: orúkọ fellowship (owó ìwádìí) tí ẹ ń béèrè fún, ọdún, àti kókó ìwádìí yín ní ọ̀rọ̀ mẹ́fà.
2. Gbólóhùn kìíní: iṣẹ́ wọn kan pàtó tí ẹ kà, àti ibi tó ti kan tiyín. Kì í ṣe "mo gbádùn ìwé yín." Ẹ ní: "Ẹ fi hàn pé ọ̀nà yín ń ṣiṣẹ́ lórí erùpẹ̀ ilẹ̀ olótùútù, mo ní àyẹ̀wò láti oko kòkó ní Oǹdó tí mo fẹ́ dán an wò lórí rẹ̀."
3. Gbólóhùn méjì lórí ohun tí ẹ ti ṣe, pẹ̀lú líǹkì sí iṣẹ́ kan péré.
4. Ohun tí ẹ ń béèrè gan-an: "Ǹjẹ́ ẹ lè kọ lẹ́tà ìgbàlejò fún mi? Owó fellowship náà ni yóò gbọ́ bùkátà mi, kò ní ná ilé ìwé yín."
5. CV olójú ewé méjì àti àbá olójú ewé kan. Kò tún gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí wọn kò bá dáhùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ má fi ímeèlì kan náà ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́ta ní ẹ̀ka kan. Wọ́n jọ ń mu kọfí.

Aago gbèdéke

Aago Nàìjíríà àti Benin kì í yí padà. Ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń yí padà nígbà òtútù àti ooru.

- Aago 17:00 Brussels: aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wa nígbà òtútù wọn, aago mẹ́rin nígbà ooru. Oṣù Kẹsàn-án ṣì wà nínú ìgbà ooru.
- Aago 16:00 London: aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nígbà òtútù, aago mẹ́rin nígbà ooru.
- Aago 23:59 New York: ìdájí ọjọ́ kejì ni lọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀yin ará Togo, ẹ yọ wákàtí kan kúrò nínú ti Nàìjíríà. Ẹnikẹ́ni yòówù kí ẹ jẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

Ayédèrú

Ẹ sá fún àpérò tàbí jọ́nà tó bá ní èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí:

- Wọ́n ń yìn yín ní "eminent scholar" nígbà tí iṣẹ́ kan péré lẹ ti tẹ̀ jáde
- Àpérò kan tó ń gba iṣẹ́ lórí ìṣègùn, òfin, iṣẹ́ ọ̀gbìn àti ẹ̀sìn lọ́jọ́ kan náà
- Wọ́n gba iṣẹ́ yín láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kò sì sí àtúnṣe kankan
- Wọ́n ní àwọn yóò san tíkẹ́ẹ̀tì yín sí Amẹ́ríkà, kí ẹ ṣáà kọ́kọ́ fi owó hòtẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́

Èyí tó kẹ́yìn yìí ti gba owó lọ́wọ́ èèyàn púpọ̀. Fún jọ́nà, ẹ wo DOAJ, àkójọ jọ́nà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ti yẹ̀ wò, ẹ sì lo àwọn ìbéèrè tó wà lórí ojú ewé Think. Check. Submit. Bí wọ́n bá ní àwọn wà lórí Scopus, àkójọ jọ́nà ńlá kan, ẹ wá orúkọ wọn lórí Scopus fúnra yín. Àwòrán Scopus tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ewé wọn kì í ṣe ẹ̀rí.

Láìkúrò nílé

Kì í ṣe gbogbo ìdàgbàsókè ló nílò físà. Bí ẹ kò bá kọ́ ẹ̀kọ́ nípa kíkọ́ni rí, ẹ ṣe PGDE (ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni fún ẹni tó ti gba digírì). NOUN, yunifásítì àkọ́jìnnà ti Nàìjíríà, ní in, ẹ sì lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Coursera ní fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ lọ bá olùtọ́jú yàrá ìkàwé yín fún ọ̀rọ̀ aṣínà Research4Life, ètò tó ń jẹ́ kí olùwádìí ka jọ́nà òkè òkun: Hinari wà fún ìlera, AGORA fún iṣẹ́ ọ̀gbìn, OARE fún àyíká, ARDI fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, GOALI fún òfin. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn olùkọ́ ṣe ń tọrọ PDF lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ olùtọ́jú ìwé tiwọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, fellowship Advance HE, ìyẹn oyè ìdánimọ̀ fún kíkọ́ni ní yunifásítì, ni wọ́n ń wò lára yín. Ipele mẹ́rin ló ní. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ ń san owó rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ wọn, ẹ béèrè kí ẹ tó fi owó ara yín san án.

Nígbà tí ẹ bá padà dé

- Ẹ kó boarding pass, rìsíìtì hòtẹ́ẹ̀lì àti ti ìforúkọsílẹ̀ jọ. Ẹ ya fọ́tò wọn lọ́jọ́ náà gan-an, torí bébà rìsíìtì máa ń pa rẹ́.
- Ẹ gba ìwé ẹ̀rí àti ojú ewé ètò àpérò tó ní orúkọ yín. Ìgbìmọ̀ ìgbéga lè béèrè fún un lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.
- Ẹ kọ ìròyìn olójú ewé mẹ́ta, kí ẹ sì ṣe sẹ́mínà kan fún ẹ̀ka yín.
- Ẹ ṣe ìṣirò owó fún bọ́sà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ dá a padà kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Bí ẹ kò bá ṣe èyí tó kẹ́yìn, orúkọ yín yóò wà lára àwọn tí kò tíì ṣe ìṣirò owó. Àkọsílẹ̀ yẹn ni Desk Officer máa ń ṣí wò kó tó gba fọ́ọ̀mù kejì lọ́wọ́ yín.